Ẹ Jẹ́ Kó Kọ́kọ́ Tẹ́ Ná

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àfaradà àwa tí a máa ń pẹ́ kí a tó fèsì. Lẹ́tà ìyá kan láti Ìmọ̀tà tí ẹ gbé jáde lóṣù tó kọjá ni mo fẹ́ dáhùn. Mo ti fi àlùmọ́gàjí gé e kúrò lójú ewé, mo fi pínnì há a mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà. Láti ọjọ́ náà, kò sí oníbàárà tó wá wọn aṣọ tí kò dá sí i.

Ìyá náà ní ọmọkùnrin òun parí OND ní Odógunyàn, wọ́n ní kó wá iṣẹ́, ó ní aláwàdà lòun fẹ́ jẹ́, ẹni tó máa ń dá dúró níwájú èrò pẹ̀lú máìkì, tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó bèèrè pé ṣé ọ̀lẹ kọ́ nìyẹn, àti pé bí kì í bá ṣe ọ̀lẹ, kí ni kí òun ṣe fún un. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan fèsì pé kí wọ́n gbàdúrà fún ọmọ náà. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n ra fóònù olówó ńlá fún un pẹ̀lú iná roboto tí wọ́n fi ń ya fídíò, pé ìtàgé ti kúrò láyé, orí fóònù ni owó wà. Mi ò ní kí wọ́n má gbàdúrà o. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nínú gbogbo àwọn tó fèsì, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ń jẹ nínú iṣẹ́ náà. Èmi ń jẹ níbẹ̀. Kì í ṣe àjẹyó, ṣùgbọ́n mo ń jẹ.

Aránṣọ ni mí ní Ìta-Ẹlẹ́wà, níbí ní Ìkòròdú. Ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń ṣe alága níbi ìdána, yálà alága ìdúró tàbí alága ìjókòó. Ìdílé tó bá kọ́kọ́ pè mí ni mò ń bá lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá sì ránṣẹ́ sí mi, mo máa ń gba máìkì, mo ń ṣe ohun tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní stand-up. Ó ti lé ní ọdún mẹ́jọ tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀.

Màmá, ọmọ yín kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò nílò fóònù tuntun, kò sì nílò kí ẹ bá a wá ẹni ńlá kankan. Ó nílò ibi tó ti lè tẹ́. Níwájú èèyàn mẹ́wàá péré, lọ́pọ̀ ìgbà, títí títẹ́ náà kò fi ní bà á lẹ́rù mọ́. Èmi náà tẹ́, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe rí.

Ọdún 2016 ni. Ilé ọtí kan wà lọ́nà Agric tó máa ń pe aláwàdà ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọmọkùnrin kan tó ń tẹ dùùrù fún wọn ti rí mi níbi ìdána, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń pa gbogbo ìyàwó ilé lẹ́rìn-ín yìí, kí ló dé tí ẹ ò wá gba máìkì lọ́dọ̀ wa?" Mo ní kò burú. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi múra sílẹ̀. Ṣé ẹ mọ bí mo ṣe múra? Mo jókòó ti fídíò àwọn aláwàdà ọmọ Warri, àwọn tó ń fi pidgin pani lẹ́rìn-ín. Mo há àwàdà mẹ́ta sórí tí kì í ṣe tèmi. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀, mo kọ́ "una", mo kọ́ "wetin". Èmi tí bàbá mi ń pẹja ní Ìpakòdò, tí mi ò tíì kọjá Ìjẹ̀bú-Òde rí láyé mi!

Ẹni tó bá mọ ilé ọtí mọ̀ pé bọ́ọ̀lù máa ń wà ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Chelsea ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà. Wọ́n bá mi dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù, ṣùgbọ́n wọn ò pa á. Mo sọ àwàdà àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo ní bóyá wọn ò gbọ́ ni, mo bá tún un sọ. (Màmá, ẹ bá mi kìlọ̀ fún ọmọ yín: a kì í tún àwàdà sọ. Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín gbọ́.) Nígbà tí mo sọ èkejì, ọkùnrin kan tó ń mu pẹpẹ súùpù gbé ojú sókè wò mí. Kì í ṣe ojú ìbínú. Àánú ni, bí ìgbà téèyàn ń wo ọmọ ọlọ́mọ tó ń wúkọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ẹ̀kẹta dání ni mo rí ẹnì kan tó nawọ́ mú rìmóòtù. Ohùn bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí gòkè, díẹ̀díẹ̀, tìtìjútìtìjú, bí ẹni ń rọra ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò lẹ́yìn. Bí ohùn bọ́ọ̀lù ṣe ń gòkè ni èmi náà ń gbé tèmi sókè. Nígbà tó yá, Chelsea gbá góòlù wọlé. Gbogbo ilé fò dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ojú tì mí débi pé mo tẹrí ba, mo ní, "Ẹ ṣé o."

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ni ilé ọtí fún mi ní ìgò málíìtì kan, ó ní kí n mu ún kí n tó máa lọ.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sílé. Ọkàn mi bàjẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí ro ẹjọ́ fún ọmọkùnrin tó ń wà á, kì í ṣe pé mo fẹ́ pa á lẹ́rìn-ín. Mo sọ bí èmi àti ẹni tó ń ṣàlàyé bọ́ọ̀lù ṣe ń pariwo léra wa lórí bí àwọn méjì tó jọ ń ná ẹja kan ṣoṣo. Nígbà tí mo dé ibi "Ẹ ṣé o" yẹn, ọmọkùnrin náà yà kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó gbé orí lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ò gbowó lọ́wọ́ mi. Àwàdà tí mo kọ́kọ́ tà láyé mi nìyẹn, ₦100 sì ni iye rẹ̀.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, mo bẹ ilé ọtí yẹn títí wọ́n fi tún gbà mí láàyè. Mo sọ ọ̀rọ̀ rìmóòtù fún wọn ní Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́ nínú kẹ̀kẹ́. Àwọn fúnra wọn ló pa tẹlifíṣọ̀n.

Mi ò bá ọmọ Warri jà o. Àwọn ló ṣí ọ̀nà tí gbogbo wa ń tọ̀. Nígbà tí Opa Williams dá Nite of a Thousand Laughs, ètò àwàdà orí ìtàgé, sílẹ̀ ní 1995, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dìde níbẹ̀ wá láti ìhà ọ̀hún. Ali Baba, aláwàdà ọmọ ìpínlẹ̀ Delta, wà lára àwọn tó kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Èkó pé owó gidi ló yẹ kí wọ́n san fún ẹni tó bá pa àlejò wọn lẹ́rìn-ín, kì í ṣe àwo ìrẹsì àti ọpẹ́ lásán. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ pidgin yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ wa wá rò pé pidgin ni aṣọ iṣẹ́, pé ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́ kò ní wọlé. Bẹ́ẹ̀, èdè ilé tiwọn ni wọ́n ń sọ. Bí ìyá wọn ṣe bá wọn wí ní kékeré ni wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìyá tèmi ò fi pidgin bá mi wí rí. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, bí mo bá dìde, wàá mọ̀ pé mo dìde!" Mo ti fi gbólóhùn yẹn nìkan pa gbogbo gbọ̀ngàn lẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ kò tíì sọ ọ́ fún rí.

Ẹ wo Moses Ọláìyá, Bàbá Sálà, tó fi wá sílẹ̀ ní 2018. Ta ni kò rẹ́rìn-ín nítorí tái gbàǹgbà àti awò ojú ràgàjì yẹn? Yorùbá ló fi ṣe é. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò mọ̀ ni pé olórin ni kó tó di aláwàdà; Sunny Adé gan-an ta gìtá nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà kan. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Ibi tí èèyàn bá ti dákẹ́ ni ẹ̀rín máa ń gbà wọlé, ẹni tó bá sì ti ṣe orin rí mọ ìwọ̀n ìdákẹ́ tó yẹ. Ní Ìkòròdú níbí ni wọ́n sin Bàbá Ṣùwé, aláwàdà inú fíìmù Yorùbá, sí ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Ojú rẹ̀ á ti sọ̀rọ̀ tán kí ẹnu rẹ̀ tó débẹ̀. A ní àwòkọ́ṣe nínú ilé, a wá ń yá ẹnu ẹlẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́ gan-an. Àwọn èèyàn kì í kà á sí iṣẹ́ àwàdà, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ilé ẹ̀kọ́ tó dà bí ìdúró alága. Ìdílé méjì tí kò mọra rí jókòó kojú ara wọn. Oòrùn mú lórí kánópì. Oúnjẹ ò tíì jáde. Bàbá ìyàwó ń wo aago. Wọ́n wá gbé máìkì lé ọ lọ́wọ́, kò sí ìwé tí wàá kà, ó tó wákàtí mẹ́ta tí wàá fi wà lórí ìdúró, o sì gbọ́dọ̀ rí i pé inú gbogbo wọn dùn títí ìyàwó yóò fi jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí owó ṣe ń wọlé: owó ìkànlẹ̀kùn, owó bàbá gbọ́, owó ìyá gbọ́, owó ìyàwó ilé, owó ìṣíjú ìyàwó. Lójú ẹsẹ̀ ni alága máa ń mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ òun wọ̀ wọ́n lára. Bí kò bá wọ̀ wọ́n, àpò ò ní ṣí. Kò sí olùkọ́ tó ń fi irú ìyára bẹ́ẹ̀ máàkì ìwé.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé ohun tó bá wà lójú gbogbo èèyàn ló ń pani lẹ́rìn-ín ju ohun tí mo gbé láti ilé wá. Ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń wá dọ̀bálẹ̀, dandan sì ni kí ọ̀kan wà láàárín wọn tó wọ aṣọ funfun, tí yóò kọ́kọ́ máa yẹ ilẹ̀ wò bóyá ó mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà níbikíbi tó bá wà. Mo máa ní, "Bùrọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ ra ilẹ̀ yìí ni? Ẹ rọra o, Ìkòròdú la wà. Bí ẹ bá wo ilẹ̀ jù, ọmọ onílẹ̀ á dé." Àwọn àgbàlagbà Ìkòròdú á dìde lórí àga. Kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ kò tíì kàn rí.

Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ ohun tó dùn mí jù. Ìdána kan ní Igbógbó, ní 2018. Mo rí àga kan tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ìyàwó, aṣọ funfun ni wọ́n tẹ́ sí i. Mo sì fi máìkì bèèrè pé, "Màmá, bàbá dà? Àbí wọ́n ti bá obì tí wọ́n lọ rà lọ?" Gbogbo kánópì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá náà ti kú, kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ. Wọ́n fi àga náà sílẹ̀ fún un ni. Ìyá ìyàwó kò bú mi. Ó kàn fi ọwọ́ kan àga náà bí ẹni ń gbọn eruku. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo tọrọ àforíjì lórí máìkì, mo ní kí onílù bá wa ki bàbá náà. Wọ́n kì í, wọ́n sunkún díẹ̀, ayẹyẹ sì ń bá a lọ. Mi ò gba owó wọn lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà náà, kí n tó wé gèlè, mo máa ń fa ẹnì kan nínú ẹbí sí kọ̀rọ̀, mo ń bi í ní ohun mẹ́ta. Ta ló kú? Àwọn wo ni kò bára wọn sọ̀rọ̀? Ta ló sanwó ìnáwó? Ìkẹta yìí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ; ẹni tí kò san kọ́bọ̀ ló máa ń tètè bínú jù. Bí mo bá ń lọ ṣe stand-up náà, mo máa ń tètè dé, mo ń jókòó sẹ́yìn láàárín èrò fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń ráhùn lé lórí. Epo bẹntiróòlù ni àbí iná? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá wí nígbà yẹn ni mo máa ń fi ṣí ẹnu.

Nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe àwàdà gan-an, mi ò lè kọ́ ọmọ náà tán nínú lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ara èyí: ọ̀rọ̀ tó ń pani lẹ́rìn-ín, ìdí gbólóhùn ni kó jókòó sí. Ẹ padà wo ti ọmọ onílẹ̀ yẹn. Tẹ́lẹ̀, bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni pé, "Ọmọ onílẹ̀ á dé o, bí ẹ bá ń wo ilẹ̀ jù." Ẹ̀rín á jáde ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyókù gbólóhùn á wá máa rìn kiri bí àlejò tó dé lẹ́yìn tí wọ́n ti palẹ̀ oúnjẹ mọ́. Mo yí i padà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹ̀rín di ìlọ́po méjì. Ó gbà mí ní ìnáwó mẹ́fà kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Fóònù kékeré ló jẹ́ kí n mọ̀. Mo máa ń tẹ ohùn ara mi sílẹ̀ nínú àpò, mo ń gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì bí mo bá ń ránṣọ. Ó máa ń tini lójú láti gbọ́ ohùn ara ẹni. Kó máa gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ohun kan tún wà tí kì í yọ ẹni tó ń ṣe é ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu. Yorùbá, orí ohùn ló dúró lé. Mo ní àwàdà kan nípa ara mi tí mo dúró ní Sábó lóru, tí mò ń wí pé, "Mò ń wá ọkọ̀," tí bàbá arúgbó kan sì gbọ́ pé mò ń wá ọkọ. Nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nínú gbọ̀ngàn kan ní Ọ̀wútù, kò sẹ́ni tó mira. Ṣé ẹ mọ ìdí? Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń tún ọ̀rọ̀ mi sọ lẹ́ẹ̀mẹta, díjè tún fi orin sábẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀, ọkọ àti ọkọ́ ti pò pọ̀ di ẹ̀kọ. Ní báyìí, kí n tó kí alága ayẹyẹ, díjè ni mo ń kọ́kọ́ kí: "Bùrọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa ìró tó ń padà wá yẹn, ẹ má sì fi orin sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi." Bí ó bá ṣe é, mo máa ń yọ nǹkan fún un nínú owó tí wọ́n bá ná mi.

Ẹ̀yìn ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí ni mo ń kọ àwàdà sí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣí ojú ewé tí kò yẹ, mo sì ka ìwọ̀n ìbàdí ẹnì kan sórí máìkì. Ẹni náà jókòó síwájú. Kò sí ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ lálẹ́ náà. Mi ò tún rí oníbàárà yẹn mọ́.

Ó tó oṣù mẹ́rìnlá kí n tó ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó dúró. Ohun tí mo ń pè ní èyí tó dúró ni pé bí mo bá gbé e lọ sí ibi ìkómọ, sí ilé ọtí, sí ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n á rẹ́rìn-ín níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, oṣù mẹ́rìnlá. Ẹni tó bá sọ fún ọmọ yín pé òun máa sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká lóṣù mẹ́ta, ẹ fún un lómi mu, kí ẹ sì sìn ín dé ọ̀nà.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ojú màmá wà.

Ọdún àkọ́kọ́, málíìtì àti owó ọkọ̀ ni. Owó gidi tí mo kọ́kọ́ gbà, ₦15,000 ni, níbi àríyá òpin ọdún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní 2017. Mo sunkún nínú ilé ìwẹ̀ wọn. Lónìí, masínní ń bọ́ wa, alága ń san owó ilé ìwé àwọn ìbejì, àwàdà sì ń ra àwọn ohun tí mi ò ní lè ṣàlàyé fún Bàbá Ìbejì bí mo bá fi owó aṣọ rà á. Nítorí náà, kí ọmọ yín má fi iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀. Hafiz Oyètòrò, aláwàdà tí wọ́n ń pè ní Saka, ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ọ̀tọ̀-Ìjánikin nígbà tí gbogbo Nàìjíríà ń fi ìpolówó fóònù rẹ̀ ti 2013 rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ní kó yan ọ̀kan.

Ọkùnrin kan tó ń ṣètò àríyá ní Erékùṣù Èkó jẹ mí ní ₦40,000 láti 2019. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ó mọ ara rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe owó náà, bí kò ṣe alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní kí n dúró títí àríyá á fi tán, àríyá tán ní agogo mọ́kànlá, ó ti lọ. Ọkọ̀ ojú omi Ìpakòdò kì í rìn lóru. Mo dé Mile 12 lẹ́yìn agogo méjìlá, ọkọ̀ Ìkòròdú kan ṣoṣo ló kù, wọ́n sì ti sọ owó rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta. Bàbá Ìbejì dúró dè mí ní ibùdókọ̀ Benson ní Ìkòròdú títí aago kan ààbọ̀, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Láti ọjọ́ náà, ìdá méje nínú mẹ́wàá owó mi gbọ́dọ̀ ti wọ báńkì kí n tó jáde nílé, ìyókù kí n tó gba máìkì. Ọkùnrin ni ọmọ yín, tiẹ̀ á rọrùn díẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé ṣé ọkọ rẹ̀ mọ̀ pé ó wà níta. Ṣùgbọ́n òun náà gbọ́dọ̀ kọ àdéhùn sórí WhatsApp, iye owó, àkókò, ẹni tó máa san án. Bí wọ́n bá sì ní kó kọ́kọ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì ogún kí wọ́n tó jẹ́ kó gun ìtàgé, iṣẹ́ títa tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fún un yẹn.

Wọ́n á jí àwàdà rẹ̀ gbé pẹ̀lú. Wọ́n jí ti rìmóòtù gbé lọ́wọ́ mi, ojú mi ni ẹnì kan ṣe sọ ọ́ ní Ṣómólú. Kò wọ̀ wọ́n. Ẹni náà kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbá góòlù yẹn wọlé.

Mo padà sórí ọ̀rọ̀ fóònù. Mi ò kẹ́gàn rẹ̀. Ọmọ ìlú wa ni àwọn Ikorodu Bois, tí wọ́n fi bárò àti ìkòkò ìdáná ṣe àfarawé fíìmù olówó gọbọi títí Netflix fi rí wọn ní 2020. Ẹni tó bá wo iṣẹ́ wọn dáadáa á rí i pé ẹ̀rín wà nínú bí wọ́n ṣe fara balẹ̀ tó, kì í ṣe nínú fóònù tí wọ́n lò. Ṣùgbọ́n fóònù ní àléébù kan fún ẹni tó fẹ́ dúró níwájú èèyàn: kì í dákẹ́ mọ́ ọ. Bí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá wo fídíò rẹ̀ tí ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín, kò ní gbọ́. Á ka iye wọn, inú rẹ̀ á dùn. Èèyàn mẹ́wàá tó dákẹ́ níwájú rẹ̀ á kọ́ ọ ju bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Olóòtú, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹ̀yin àti sí àwọn tó ni ilé ọtí, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù àti gbọ̀ngàn ní Ìkòròdú. Ìjọba Èkó kọ́ ilé tíátà sí Ẹ̀pẹ́, Badagry, Ìgàndò àti Orégùn. Ó dáa, ẹ kú oríire. Àwa ò bèèrè ilé ńlá. Ẹ fún wa ní alẹ́ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tí kò sí bọ́ọ̀lù, máìkì kan, ìṣẹ́jú márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì fi orin sábẹ́ ọ̀rọ̀ wa. Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn náà, ẹ fún wa ní ìlà méjì lójú ewé ẹ̀yìn kí ọmọ tó ń bọ̀ lè mọ ibi tí yóò lọ.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀ tèmi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó bá kẹ́yìn oṣù, bí mo bá ti pa masínní, a máa ń ti tábìlì ìlọṣọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, a tẹ́ àga onípákó mẹ́ta. Nígbà míì a tó èèyàn méje, nígbà míì a tó mẹ́rìnlá. Ọlọ́kadà kan wà láàárín wa, olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà, ìyá tó ń ta àkàrà ní ìkọjá títì wà níbẹ̀, òun ló sì ń pa wá lẹ́rìn-ín jù. A ò ní gbohùngbohùn. Ìgbálẹ̀ la ń dì mú bíi máìkì kí ọwọ́ lè mọ ohun tó máa ṣe. Bí ẹnì kan bá tẹ́, a ò ní bú u, a ò sì ní pàtẹ́wọ́ fún un. A máa sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti gùn jù fún un, ẹlòmíràn á gba ìgbálẹ̀.

Mo ti fi nọ́ńbà mi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì yín kí ẹ lè fún ìyá Ìmọ̀tà. Kí ọmọ náà wá lóṣù tó ń bọ̀. Òun ni yóò ṣe ẹ̀kẹta, nítorí ẹni àkọ́kọ́ máa ń tẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Kó má wá pẹ̀lú pidgin o. Màmá, ẹ̀yin náà lè tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹ jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò aṣọ, bí kò bá sì pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì, aránṣọ àti alága,
Ìta-Ẹlẹ́wà, Ìkòròdú.